Yàrá Tirẹ̀, Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tirẹ̀

Omi ló kọ́kọ́ mú ara fu Ìyá Onílé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo agbo ilé ń lò, dúrọ́ọ̀mù omi wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, korobá kan péré sì ni òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti dà tó bá ṣe tán. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, Aránṣọ á da korobá kan, á dúró, á tún bu ìkejì. Tó bá jáde, á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, á máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí ẹni tó gbé òkú.

"Kí ló ń ṣàn dànù gan-an?" Ìyá Onílé bi Tíṣà ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè, níbi tí wọ́n ti ń pọnmi. "Ẹnì kan kì í ṣu ti ẹni méjì."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ti pé oṣù méje. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, kò sì sí ibi tó ń kánjú lọ. Ó ní àrùn ọ̀fun ló ń ṣe Aránṣọ, pé dókítà ló ní kó sinmi, kó má máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí Aránṣọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un lójú fèrèsé lọ́jọ́ Túsìdeè nìyẹn. Ohun tí Tíṣà ò sọ fún Ìyá Onílé ni pé bí òun ṣe gbé ìgúnpá lé fèrèsé náà kí àwọn jọ ṣeré bí àwọn ṣe máa ń ṣe, ńṣe ni Aránṣọ fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ijọ́ yẹn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti jọ ń gbé. Gbogbo aṣọ oyún tó ń wọ̀ kiri yìí, Aránṣọ ló rán an.

"Àrùn ọ̀fun wo ni kì í jẹ́ kéèyàn gbé ọmọ tó bí?" ni Ìyá Onílé wí.

 Tíṣà gbé omi rẹ̀, ó wọlé.

Nínú ilé Aránṣọ pàápàá, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ náà tán. Kápẹ́ńtà, ọkọ rẹ̀, mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni wọ́n gé kúrò níwájú ọ̀fun ìyàwó òun lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fún un ní hóró oògùn kan ṣoṣo gbé mì, láti fi jó èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ó mọ̀ pé oògùn náà ní ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀ bí ooru ṣe ń jáde lára ààrò, àti pé fún odindi ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọdé àti aláboyún ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó má sọ ọ́ fáráalé kankan, pé wọn ò ní gbọ́ ọ yé, wọ́n á lé àwọn jáde. Ó gbà. Àmọ́ ìwé kan wà tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kápẹ́ńtà ti ṣílẹ̀kùn tó bá a tó ń kà á, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ti rọra tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Kápẹ́ńtà ti ka ìwé náà tán lọ́kàn ara rẹ̀: wọ́n ti dá ọjọ́ ikú fún un ni, kò fẹ́ kí òun mọ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá Kápẹ́ńtà, tó wá láti òdìkejì ìlú láti wá tọ́jú ọmọ, kò mọ nǹkan kan ju pé ara ìyàwó ò yá. Ojú rẹ̀ ló sì ń rí tó. Yàrá méjì ni wọ́n ní, pálọ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé yàrá inú. Tí Aránṣọ bá fẹ́ jáde, á kọ́kọ́ pariwo láti inú, "Mò ń jáde o!", gbogbo wọn á sì kó síta fún un. Ìyá Àgbà á di Adúmáadán, ọmọ ọdún mẹ́ta, mú lápá, á máa kùn lọ: "Ẹ yà fún ọba. Ọba fẹ́ lọ tọ̀."

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè yìí, orí abọ́ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé búrẹ́dì àti tíì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, nígbà tó padà wá láti kó abọ́, Aránṣọ ti gbé e wọlé.

"Gbé abọ́ wá kí n fọ̀ ọ́."

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Èmi ni màá fọ̀ ọ́."

"Ṣé ọwọ́ mi dọ̀tí ni?"

"Rárá o, Màmá. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó pọ̀ mọ́ ti yín ni."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

 Ìyá Àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń de okùn bàtà. "O gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ìwọ ò bi í léèrè?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Láti Mọ́ńdè ló ti ń sinmi! Ọmọ ń sunkún lẹ́nu ìlẹ̀kùn títí ohùn ẹ̀ fi há, kò yọjú sí i. Mo bí ọmọ mẹ́fà. Mo ṣàìsàn lórí gbogbo wọn. Kò sí èyí tí mo sá fún."

Kápẹ́ńtà dìde, ó mú ayùn rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ láìjẹun.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, Aránṣọ tún lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó padà, ó sùn lọ. Oògùn yẹn ń mú kó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Kò rántí ti ìlẹ̀kùn. Ìyá Àgbà wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ aṣọ, ó sì ń sọ fún Ìyá Onílé ohun tójú òun ń rí. Nígbà tó máa gbójú sókè, kò rí Adúmáadán mọ́.

Wọ́n wá a lẹ́yìn ilé. Wọ́n wá a nínú yàrá Tíṣà. Ìyá Onílé ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù, ó wo inú rẹ̀, ó tún fi igi rò ó. Ẹnì kan sáré lọ pe Kápẹ́ńtà, tó dé tòun ti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé létí. Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó rò ó pé yàrá inú ni ọmọ wà, nítorí kò sẹ́ni tó ń wọbẹ̀ mọ́. Kápẹ́ńtà ló ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí.

Ọmọ náà ti gun orí ibùsùn. Ó kó ara rẹ̀ sábẹ́ apá ìyá rẹ̀, ó ki imú bọ ọrùn rẹ̀ níbi àpá iṣẹ́ abẹ, àwọn méjèèjì ń sùn. Òógùn ti mú irun ọmọ lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ti tó wákàtí kan, bóyá ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aránṣọ lajú. Ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí orí tó wà lọ́rùn rẹ̀. Igbe tó ké, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ta ọmọ náà dànù.

Adúmáadán ré lulẹ̀, ó fi ẹnu gbá ẹsẹ̀ ibùsùn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ìyá rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀ láti gbé e. Ó fà mọ́ kọ̀rọ̀ ibùsùn, ó ń nawọ́ síwájú, ó ń pariwo, "Ẹ gbé e! Ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi!"

Gbogbo agbo ilé ti dé pálọ̀. Gbogbo wọn ló rí i.

Ìyá Àgbà gbé ọmọ. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu rẹ̀.  "Ó dáa," ló sọ. "Mo ti rí i báyìí. Ẹ̀yin náà ti rí i."

"Àrùn tó ń ranni ni!" Ìyá Onílé bú sí i láti ẹ̀yìn. "Mo sọ! Mo ní omi yẹn kì í ṣe lásán!"

"Kì í ṣe àrùn!" Kápẹ́ńtà lọgun. "Oògùn ni. Oògùn onítànṣán ló wà lára rẹ̀, kò fẹ́ kó kan ọmọ ni!"

 Ó pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ó nasẹ̀ dé ibùsùn, ó fa ìwé yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì wo ojú ìyàwó rẹ̀. Òun kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ já geere, ó nà án sí Tíṣà. "Bá wa kà á. Ibi yòówù kó burú dé, kà á."

Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà, ó ń túmọ̀. Kó sùn lóun nìkan. Kó máa da omi lẹ́ẹ̀mejì. Kó máa fọ abọ́ àti aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Kó má gbé ọmọdé, kó má sún mọ́ aláboyún, ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ aláboyún, ohùn rẹ̀ já. Ó tún un kà sínú. Lẹ́yìn náà ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n fi àmì sí níwájú: aláìsàn ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ní yàrá tirẹ̀, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀.

"Tirẹ̀?" ni Ìyá Onílé wí. Ó nawọ́ sí àgbàlá. "Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀?"

Tíṣà ká ìwé náà, ó gbé e sórí àga. Ó kọjú sí Aránṣọ. "Mo bi yín," ló sọ. "Ẹ ní àrùn ọ̀fun ni."

Ọkọ̀ akẹ́rù tí Kápẹ́ńtà fi ń kó pákó ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn, láti mọ̀ bóyá ìtànṣán ti kan ọmọ àti oyún. Kápẹ́ńtà ń wakọ̀, Tíṣà àti Ìyá Àgbà jókòó síwájú pẹ̀lú ọmọ lórí itan. Ẹ̀yìn ni Aránṣọ wà, lóun nìkan, láàárín pákó àti erùpẹ̀ igi, ó fi ìborùn bojú. Nínú ọkọ̀, Adúmáadán ń yí ọrùn padà ní gbogbo ìgbà láti wo gíláàsì ẹ̀yìn, ó sì ń sọ fún wọn pé màmá òun ń gun pákó.

Ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì ló jáde sí wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn ìtànṣán, ẹ̀rọ kan tó tóbi tó ìwé àkàgbádùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹnu gbọọrọ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń dún ta, ta, bí òjò tó fẹ́ dá. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn Tíṣà: bákan náà. Ó yíjú sí Aránṣọ tó dúró lókèèrè lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìgbésẹ̀ méjì péré, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Ìyá Àgbà fa ọmọ mọ́ àyà.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Kò sí oògùn kankan tó lẹ̀ mọ́ ọmọ yìí, kò sì sí lára àǹtí yìí. Wọn ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni."

"Èyí tó ti kọjá ńkọ́?" Tíṣà bi í. "Ẹ̀rọ yín lè rí èyí tó ti kọjá?"

Ọkùnrin náà wò ó dáadáa. "Rárá. Ìyẹn, ìṣirò la fi ń mọ̀ ọ́n." Ó jókòó, ó bi wọ́n ní ìbéèrè: wákàtí mélòó ni ọmọ sùn, báwo ni Tíṣà ṣe sún mọ́ Aránṣọ tó, ìgbà mélòó, omi tó ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́. Ó kọ iye sórí pépà, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. "Oògùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán lára ìyá ọmọ yìí, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń pọ̀ jù. Mi ò ní sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan tó kàn yín, torí pé ó wà. Àmọ́ ó kéré. Kì í ṣe ohun tí mo rò pé ó máa ṣe ọmọ yìí ní jàǹbá, tàbí èyí tó wà nínú. Omi lẹ́ẹ̀mejì yẹn, òun ló gba gbogbo yín." Ó tún wo pépà. "Ẹ kàn má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Àmọ́ Kápẹ́ńtà ò tíì tán. Ó gbá ìwé náà mọ́ orí tábìlì.

"Ta ló kọ ọ́ síbí pé a ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwa? Ta ló wá sílé wa? Ẹ fẹ́ tètè lé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yín, lẹ wá ń parọ́ mọ́ wa!"

Ọkùnrin náà ò bínú. Ó lọ gbé fáìlì wá, ó ṣí i, ó yí i sí i. Kápẹ́ńtà mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Òun ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sínú ìwé ìrántí tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Èmi ni," Aránṣọ sọ láti ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo wọn yíjú.

"Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní níbí tí wọ́n lè ti èèyàn mọ́ títí ìtànṣán á fi lọ sílẹ̀. Yàrá kan, fún gbogbo wa. Ìyá kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn, irú àpá mi yìí náà ló wà lọ́rùn ẹ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ó sọ òótọ́. Ó ní àwọn mẹ́jọ làwọn ń gbé yàrá kan. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yàrá yẹn, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ." Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. "Mo wo bó ṣe ń di gèlè ẹ̀ tó fẹ́ máa lọ. Èmi ni wọ́n kàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní i."

"Èmi ńkọ́?" ni Kápẹ́ńtà wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O ò lè sọ fún èmi?"

"Mo mọ̀ yín. Tí wọ́n bá bi yín, òótọ́ lẹ máa sọ."

 Ìyá Àgbà gbé ọmọ sí èjìká kejì, ó wo ọkùnrin onígíláàsì náà. "Ìwọ ọmọ mi. Nígbà tó ní òun ní i, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo?"

"Ohun tí aláìsàn bá kọ la fi ń ṣiṣẹ́, Màmá."

"Mo gbọ́. Ìwọ náà gbọ́ ohun tó o sọ?"

Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń ká okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń tú u, ó ń tún un ká. "Lọ́la," ló sọ nígbẹ̀yìn, "màá gbé ẹ̀rọ yìí wá sílé yín. Màá wọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn fúnra mi. Wọn ò rán mi, àmọ́ màá wá."

Wọ́n kọ́kọ́ já Ìyá Àgbà àti ọmọ sílẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Ibẹ̀ ni Adúmáadán máa wà títí ọjọ́ mẹ́fà á fi pé. Kí Ìyá Àgbà tó wọlé, ó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó dúró jìnnà díẹ̀, ó ní, "Ọmọ yóò jẹun. Yóò wẹ̀." Kò fi kún un. Aránṣọ kúnlẹ̀ láàárín pákó.

Ìyá Onílé ti ń dúró dè wọ́n nílé pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Ó ní kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Tíṣà ní wọ́n ti wọn òun, kò sí nǹkan lára òun.

"Wọ́n wọ̀n ẹ́. Ta ló wọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi?"

"Ó ń bọ̀ lọ́la," ni Kápẹ́ńtà dáhùn. "Ẹ dúró ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní ká lọ lẹ́yìn ìyẹn, a ó lọ." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ayùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni gbé fún un lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ rọ̀. Aránṣọ jáde, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, torí kò sí ọmọ nílé mọ́ tó lè sáré bá a. Tíṣà jáde láti yàrá tirẹ̀, ó dúró.

"Àǹtí. Tó bá jẹ́ pé mo bi yín lọ́jọ́ Túsìdeè, ojúkojú, pé ṣé kò séwu fún oyún mi, kí lẹ ò bá sọ?"

Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ǹ bá sọ pé kò séwu."

"Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ní kẹ́ ẹ jìnnà sí mi?"

"Mo mọ̀."

Tíṣà mi orí. Omijé wà lójú rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó bọ́. Ó wọlé, Aránṣọ sì rò pé ó parí nìyẹn. Ó tún jáde, ó gbé àga oníke kan lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ó jókòó.

"Ṣé ibí jìnnà tó?"

Aránṣọ fojú wọn àlàfo náà. Ojú rẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló ń wá a.

"Kò tó," ló sọ. "Sún sẹ́yìn sí i."

Tíṣà dìde, ó gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jókòó, ó kọjú sí i.